Àpótí Tó Ń Gbọ́ Ọwọ́

Ọdún tí ẹ̀rọ rọ́bà jẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún Thurman Gaskins
(ìlú Akron, ilé-iṣẹ́ táyà, iṣẹ́ òru;
wọ́n fi káàdì àti òdòdó ránṣẹ́ sí i),
pẹ́dàlì àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà ní yàrá abẹ́ ilé,
èyí tí a máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ síwá sẹ́yìn
kí jìtá tó lè lanu.
Ẹsẹ̀ igi tí wọ́n dè mọ́ ọn kò mọ bí a ṣe ń rọra.
Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún gbì, bí ẹni ju àpò sìmẹ́ǹtì.
Ó ní, "Delbert, jìtá mi ti yadi."

Èmi tí mo ti ń ta béèsì lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá,
n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Mo wakọ̀ lọ sí Cleveland nínú yìnyín,
mo ra àpótí kékeré kan lọ́wọ́ oníàlòkù,
àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó fẹ́ rà,
bọ́tìnì mẹ́ta lórí, kò ní ibi tí à ń fẹsẹ̀ mì.
"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wàá fi ọ̀pá rẹ tẹ̀ ẹ́ kó jí.
Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ló ń gbọ́.
Bí o bá ta okùn jẹ́jẹ́, á panu dé.
Bí o bá ta á kíkan, á lanu gbàgà."

Thurman yínmú.
"Ta ló ń gun ẹṣin tí kò ní ìjánu?"
Ó ta á.
Wáà! Wáà! Wáà!
ẹnu tó ṣí tí kò padé mọ́,
bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú lójijì.
Ìbínú ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà,
ó ń ta okùn bí ẹni ń na ẹ̀rọ rọ́bà,
àpótí sì ń ròyìn gbogbo rẹ̀, kò bò ó láṣìírí.

A ṣe àṣìṣe púpọ̀.
A fi ẹ̀rọ tó ń ha ohùn ṣíwájú rẹ̀,
gbogbo ohùn ga dọ́gba,
kò mọ èwo ni igbe, èwo ni ẹ̀rín.
A gbé e sẹ́yìn, ó sàn díẹ̀.
Thurman dín ohùn jìtá kù, àpótí sùn lọ.
Bátìrì kú lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ra méjì.
Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà sú mi.

Ìgbà yẹn ni Verlene, ìyàwó rẹ̀, gba iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn.
Ọ̀sán ló ń sùn, lókè orí wa gan-an,
pákó tí ibùsùn rẹ̀ dúró lé ni àjà wa.
Kíkan ò ṣeé ṣe mọ́.
Thurman ń ta okùn bí ẹni ń já òwú kúrò léjìká àlejò.
Àpótí dákẹ́.
Ó mú bọ́tìnì àkọ́kọ́,
èyí tó ń sọ fún etí pé kó súnmọ́ tòsí,
ó yí i díẹ̀, ó yí i sí i,
títí tí kò fi ṣeé yí mọ́.
Ó wá fi ìka kan ṣoṣo kan okùn kẹta.

Wá, ni àpótí wí, kékeré.
Ó tún kàn án. Wà.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan nǹkan kan.
Wa.

Thurman wojú mi. N kò mí.

Lókè, nǹkan kan lu pákó, gbì.
A ti jí i.
A dúró bí olè tí iná tàn sí lára.
Gìgísẹ̀ Verlene tún lu ilẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì,
ó dúró díẹ̀,
ó tún lu méjì.
Mo na ọwọ́ sí béèsì mi.

Pẹ́dàlì àtijọ́ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀.
Ológbò wọn ló ń sùn lé e.