Ooru Inú Atẹ́gùn

Ní Wakanáì, níbi tí ilẹ̀ Jàpáànù ti parí síhà àríwá,
ẹ̀rọ ìfẹ́wọ́gbẹ kan wà lára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ èbúté.
Kò ní iná nínú. Atẹ́gùn lásán ni.
Lóṣù kejì ọdún, tí yìnyín bá ga dé ojú fèrèsé,
ẹni tó bá kówọ́ sábẹ́ rẹ̀ á rò pé
òkun ló ń mí sí òun lọ́wọ́.

Nobue ló ń tọ́jú ibẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń fọ abọ́ ìfọwọ́ kí ọkọ̀ erékùṣù tó gúnlẹ̀.
Ìka rẹ̀ pọ́n bí ata, ó sán, ó ń yún un lóru.
Kò bẹ̀ mí. Kò ráhùn.
Ó kàn máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá nígbà tí mo bá ń kọjá,
bí ẹni tó gbé ọmọ ẹyẹ méjì pa mọ́.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo fi dàgbà, mo fi hewú.
Mo ní, kí ló wá ṣòro níbẹ̀?
Wáyà lílọ́ kan ṣáá ni ooru.
Mo yọ ọ̀kan nínú ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun
kó tó di pé irun rẹ̀ tán.
Mo fi bébà wé e, mo kì í bọ àpò,
ó fúyẹ́ bí egungun ẹja.
N ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ihò atẹ́gùn, n ó so ó pọ̀, ó parí.

Chihaya, ọmọ iṣẹ́ mi, ló di àkàsọ̀ mú.
Ó ní, “Ọ̀gá, wáyà inú ògiri yìí, báwo ló ṣe nípọn tó?”
Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fà á.
Tín-ín-rín ni, mọ́tò kékeré ni mo fà á fún;
ohun tó wà lápò mi á mu ẹgbẹ̀fà wáàtì.
“Bí mọ́tò bá dákẹ́, tí ooru kò dákẹ́ ńkọ́?
Kí ni yóò pa á? Ṣebí ike ni ara ẹ̀rọ yìí?
Ọ̀gá, ta ló ń wá síbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò tutù fún omi?”

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Èmi ni mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn.
Mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wá ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn tì,
ó dì mí lápá mú, kò sọ̀rọ̀.

A kọ̀wé sí ọ́fíìsì:
ẹ fún wa ní èyí tí ilé iṣẹ́ fi ooru sí fúnra wọn,
tó mọ ìgbà tí yóò pa ara rẹ̀,
ká fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ojú fíúsì,
pẹ̀lú ìjánu tí ń já iná bí omi bá kàn án.
Wọ́n ní oṣù kẹrin, bí owó bá wọlé.
Oṣù kẹrin! Ìgbà tí yìnyín ti ń yọ́.

Chihaya ló kúnlẹ̀ sábẹ́ abọ́ ìfọwọ́ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wò.
Páìpù omi gbígbóná wà níbẹ̀, wọ́n ti tì í pa
láti ọdún tí òtútù ti bẹ́ ẹ.
A pe Kuramochi oníṣẹ́ páìpù. Ó bú wa, ó tún un ṣe.
Ó dín ooru rẹ̀ kù kó má bó ọmọdé lára.

Nobue ló kọ́kọ́ ṣí i.
Ó kówọ́ sí i, ó dìjú,
ó pẹ́ níbẹ̀ títí dígí fi fọ́jú.
Lẹ́yìn náà ló yà sábẹ́ ẹ̀rọ.
Atẹ́gùn náà tutù bíi tàná,
ṣùgbọ́n ọwọ́ gbígbóná ló bá pàdé.

Lálẹ́, mo dá wáyà padà sínú ilé rẹ̀, mo dè é le.
Mi ò so ó mọ́ná.
Fọ́nrán irun kan ṣì há sí ẹnu rẹ̀, funfun.
Mo fi í síbẹ̀.