Àwo Pupa

Bàbá mi kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹja funfun, ọ̀dùnkún funfun, nínú àwo funfun:
mo rò pé ìbínú ni,
mo rò pé ikú ló ti jókòó tì í nídìí tábìlì.
Gunnvor, nọ́ọ̀sì tó ń yí erékùṣù wa ká, wò ó títí,
ó ní, "Kò rí oúnjẹ náà ni. Lọ ra àwo pupa."
Àwo kan! Owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì méjì.
Bàbá jẹ ẹja, ó fi búrẹ́dì nu àwo.
Èmi ni mo wọ ilé ìdáná lọ sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ṣẹ́ ọwọ́.
Mo yọ ọwọ́ sítóòfù, mo rì wọ́n sínú agolo ìyẹ̀fun.
Mo ya àwòrán ibọ̀sẹ̀ sára àpótí ibọ̀sẹ̀,
nítorí lẹ́tà ti sá fún un, àwòrán kò tíì sá.
Mo tẹ́ ẹní dúdú sẹ́nu ọ̀nà, kó má baà jáde sínú yìnyín:
lójú rẹ̀, kòtò ni.
Ó dúró létí kòtò náà, ó ń gbọ̀n.
Mo ká a kúrò. Agogo ọrùn àgùntàn ni mo so mọ́ ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ so mọ́ aago mẹ́ta òru?
Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Torleiv fi tu ọkọ̀ èrò
láti èbúté wa dé òdìkejì.
Afárá ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ti rẹ́ ọkọ̀ náà tà bí irin àlòkù.
Ní oṣù Kejìlá, tí oòrùn kì í yọ lọ́dọ̀ wa rárá,
ta ló fẹ́ bá a jiyàn pé ilẹ̀ kò tíì mọ́?
Ó dìde, ó dé fìlà: "Àwọn èrò ń dúró."
Mo ní, "Bàbá, kò sí ọkọ̀ mọ́."
Ojú rẹ̀ wó bí ògiri òjò.
Lóru kejì mo tún sọ ọ́. Ó tún wó.
Ẹ̀ẹ̀melòó la fẹ́ sin ọkọ̀ kan ṣoṣo?

Lóru kẹta mo ní,
"Ọ̀gá atukọ̀, ẹ̀fúùfù le. Wọ́n ní ká má ṣí."
Ó yọjú wo òkùnkùn lójú fèrèsé, ó mi orí.
"Ẹni tó bá ẹ̀fúùfù ṣagídí, ẹja ni yóò sìnkú rẹ̀."
Ó bọ́ fìlà. Ó sùn di aago mẹ́jọ.

Eivind pè láti Bergen: "Irọ́ lò ń pa fún bàbá wa."
Mo ní, "Wá sùn síbí, kí o wá sọ òtítọ́."
Ó wá. Lóru kejì mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá mi:
"Ọ̀gá atukọ̀, yìnyín ti dí ẹnu èbúté o."

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Gunnvor a jókòó tì í fún wákàtí méjì.
Mo máa ń rìn lọ sórí afárá, n kò ní ṣe nǹkan kan.
Ìyẹn náà wà lára irinṣẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà gbàgbé.

Lánàá ó wò mí fín-ín fín-ín:
"Ìwọ, ṣé o ti sanwó ọkọ̀?"
Mo já bọ́tìnì kan lára aṣọ mi, mo fún un.
Ó ya etí ìwé ìròyìn, ó nà án sí mi:
"Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ rèé. Jókòó síbi tó gbóná."

Ó wà nínú agolo ìyẹ̀fun, pẹ̀lú ọwọ́ sítóòfù.