Ẹ̀tù Lára Ẹtù

Òru ọjọ́ kan ní Bájùláyé, ní Ṣómólú,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ bí àgbà tó fa tábà,
a ń tẹ pósítà òkú Màmá Tíṣà ti Pẹ́dírò:
dúdú biribiri láti etí dé etí,
orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, tín-ín-rín.

Ẹ̀rọ Kọ́ọ̀dù ní ẹnu kékeré kan
tó máa ń fẹ́ ẹ̀tù funfun sórí pépà
kí ìwé má baà lẹ̀ mọ́ ìwé.
Lóru ọjọ́ náà, ẹnu yẹn sín.
Kí n tó sáré pa á, ogójì pépà ti bàjẹ́.

Bàjẹ́ kẹ̀?
Mo gbé ọ̀kan sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì.
Dúdú ọ̀hún ti jìn,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọwọ́ mi sẹ́yìn kó má baà já sínú rẹ̀.
Ẹ̀tù ti sọ pépà di ẹtù:
ibì kan dì bí àkàmù, ibì kan ṣófo,
ọ̀kan ńlá dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí Àgùàlà, ajá òṣùpá, tó ń retí olówó ẹ̀.

Ọmọ Ṣómólú ni mí.
Sánmà tiwa kò ju ìbú títì lọ, wáyà sì ti gé e sí wẹ́wẹ́.
Ìràwọ̀ mẹ́fà ni mo mọ̀ rí;
ọ̀kan nínú wọn, ọkọ̀ òfurufú ni.

Ọ̀gá Bádírù ní, "Kó o sínú garawa.
Owó pépà yẹn di gbèsè sí ẹ lọ́rùn."
Mi ò dáhùn. Mo ti jìnnà.
Mo ti kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ parí sí,
mo ń wá ẹni tó tẹ ìwé ńlá tòkè yẹn,
bóyá ẹ̀rọ tiẹ̀ náà ló sín.

Ilẹ̀ mọ́, Ṣọlápé ọmọ olóògbé dé.
Ó wo èyí tó dára, ó mi orí.
Ó fa èyí tó bàjẹ́ yọ nínú garawa.
"Níbo ni Màámi wà níbí?"
Mo nawọ́ sí ibi tó ṣófo.
Kò sunkún. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kò fẹ́ràn èrò."

Ọ̀gá Bádírù ní, "Àrà ọ̀tọ̀ nìyẹn o, owó ẹ̀ á lé díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó, èmi àti ọ̀gá mi,
a bu ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́,
a ń fẹ́ ẹ sórí pépà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Igba pépà. Kò sí méjì tó jọra.
Nígbà tó di ọ̀sán, irùngbọ̀n ọ̀gá mi ti funfun.
Ó gbé ọ̀kan sókè lẹ́nu ọ̀nà, ó di ojú kan,
ó ní, "Ìwọ, ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn?"