Abọ́ Mọ́kànlá

Lọ́dún tí ìjọba ka ènìyàn, wọ́n fún bàbá mi
ní ìwé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, báàjì, àti páálí ṣọ́ọ̀kì,
wọ́n ní kó ka Ìtòkò láti ojúlé dé ojúlé.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Èmi ni mo gbé ṣọ́ọ̀kì.
Páànù tó ti dípẹtà lọ́tùn-ún lósì,
àpáta yọrí láàárín ilé bí eegun èjìká,
a ń gùn, a ń sọ̀,
bàbá ń fa ìlà méjì sára ilẹ̀kùn tó bá ti kà tán.

Ó ku ilé Ìyá Ẹfúnyẹmí.
Màmá na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.
"Ṣóbándé, ta ló rán ọ? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."
Bàbá ò jiyàn. Ó jókòó sórí pèpéle, ó gba omi mu,
ó yin àgbàdo tí wọ́n sá sórí àpáta,
ó wá béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn:
"Ìyá, abọ́ mélòó lẹ ń bu oúnjẹ sí lálẹ́?"
"Mọ́kànlá."
Ó kọ mọ́kànlá.

Mo ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ tí mo ń ṣe ò yàtọ̀.
Awò ńlá kan wà lórí òkè nínú aṣálẹ̀, nílẹ̀ òkèèrè,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún okùn dígí ló wà lẹ́nu rẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ìràwọ̀ tirẹ̀,
ó ń gbe ìmọ́lẹ̀ bí ẹni gbe òjò sínú kèrègbè.
Wọ́n á la ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀ àwọ̀, bí òṣùmàrè,
wọ́n á pín in fún àwa tí a ń kà á.
Tèmi ń bọ̀ sínú yàrá kan ní Ìjemọ̀,
níbi tí dátà ti ń já, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́.
Mo ń wá ibi tí ìlà dúdú ti bu àwọ̀ jẹ:
ibí yìí ni irin, ibí yìí ni iyọ̀.
Ìràwọ̀ ò lè purọ́ ohun tó wà níkùn rẹ̀.
Àwọn ìṣùpọ̀ kan wà, gbogbo ìlà wọn ti ṣí lọ sápá pupa:
wọ́n ń sá lọ, wọn ò ní í wẹ̀yìn.
Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí bàbá ṣe máa ń kọ "wọ́n ti kó lọ."

Ṣùgbọ́n lóru àná, ìràwọ̀ kékeré kan,
nọ́ńbà lásán ló ń jẹ́,
ìlà rẹ̀ sún síwájú díẹ̀, ó sún sẹ́yìn,
ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, kò yẹ̀.
Mo mọ ìrìn yẹn.
Bí ìyá bá pọnmọ kọjá lókùnkùn, o ò ní í rí ọmọ,
ìyá lo máa wò, bó ṣe ń fì.
Ayé kan wà lẹ́yìn rẹ̀.
Mi ò ka ọmọ fún un; abọ́ ni mo béèrè.

Mo sọ fún bàbá láàárọ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì,
ó ń fi ìka wá ṣíbí lórí tábìlì.
Ó dákẹ́ títí.
"Mẹ́wàá ni wọ́n o."
"Àwọn wo?"
"Ará ilé Ìyá Ẹfúnyẹmí. Abọ́ kan nínú mọ́kànlá yẹn, ti Látúndé ni,
ọmọ rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.
Alaalẹ́ ló ń bu tiẹ̀, tó ń da àwo dé e.
Ó tó ọdún kejì kí n tó mọ̀. Wọ́n ti kó ìwé lọ."
Ó rí ṣíbí.
"Kó wà lọ́wọ́ mi pàápàá, n kò ní í pa á rẹ́."

Iná ti lọ nígbà tí mo padà sídìí kọ̀ǹpútà,
bátìrì ku táńtán.
Mo ṣí ìràwọ̀ tó kàn. Níbi tí aró ti ń di àlùkò,
ìlà dúdú méjì dúró tira wọn: ẹfun ni,
irú ẹfun tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì.
Ẹnìkan ti dé ojúlé yìí ṣáájú mi.