Ife Tíì Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ogójì ọdún ni Zihni Usta fi ń wé wáyà.
Usta: bí a ti ń pe ọ̀gá ní Eskişehir nìyẹn.
Ẹ́ńjìnì tó ń fa omi, ẹ́ńjìnì ọlọ,
èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn adìyẹ lóko,
ohun tó bá ti jó ni wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa
lẹ́yìn ibùdó rélùwéè.
Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń ṣa ègé bàbà sínú garawa.
Mo mọ òórùn ẹ́ńjìnì tó kú
bí ẹni mọ òórùn ọbẹ̀ tó jóná nílé ara rẹ̀.

Odò Porsuk ti dì lápá kan lọ́jọ́ tí Sezgi dé,
yìnyín ní bàtà, ó wa ọkọ̀ àwọn oníwèé ìfiránṣẹ́,
ọkọ̀ oníná, funfun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọ́.
Kò tiẹ̀ jókòó.
“Baba, ẹ bá mi gé wáyà inú ẹ́ńjìnì yìí láàárín.
Ọ̀nà mẹ́ta ni; ẹ pín ìkọ̀ọ̀kan sí méjì dọ́gba,
kí ẹ yọ imú rẹ̀ síta fún mi.”

Baba wò ó bí ẹni wo ọmọ
tó ní kí wọ́n fa aṣọ ìyàwó ya lọ́jọ́ ìgbéyàwó.
“Èmi tí mo ń so ó, èmi náà ni kí n gé e?”

Ó fi ìka yàwòrán sínú eruku orí tábìlì.
Ó ní: bí ọkọ̀ bá ń sáré, wáyà yìí ń ṣiṣẹ́.
Bí ọkọ̀ bá dúró, wáyà sùn,
a wá ra ṣájà tó wúwo bí àgbò,
tí bàbà mìíràn kún inú rẹ̀,
à ń gbé e kiri bí ẹni gbé àga lọ sílé ọlọ́jà àga.
“Ẹ jí èyí tó ń sùn.
Ẹ jẹ́ kó gba iná lára ògiri, kó fà á fún bátìrì.”

A kọ́kọ́ dán an wò láìgé e.
Áà!
Ọkọ̀ tó yẹ kó dúró gbọ̀n bí ẹran tó rí ọ̀bẹ,
ó fò síwájú tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan,
ife tíì Baba kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọ́.
Wáyà ò mọ ìsinmi.
Iná tó bá kọjá lára rẹ̀, yíyí ni yóò yí.

Baba gbálẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.
Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ.

Ọjọ́ mẹ́rin. Èmi ni mo di iná tọ́ọ̀ṣì mú.
Iná wọlé láàárín wáyà:
ìdajì gba ọ̀tún, ìdajì gba òsì,
wọ́n ń fa ọ̀pá àárín, kò sí èyí tó borí.
Ọmọ tí ìyá di ọwọ́ kan mú,
tí bàbá di èkejì mú,
ibo ni yóò sá lọ?
Ìró ohùn kan ló ya bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára bàbà;
lóru yẹn n kò rí ìyàtọ̀.

Baba bu tíì kún ife dé etí,
ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Tan án.”
Ó kùn díẹ̀, bí oyin nínú agolo.
Ojú tíì ò mì.

Sezgi ní kíkùn yẹn ò tíì tẹ́ òun lọ́rùn.
Baba ní ìdajì owó lòun máa gbà,
nítorí ìdajì lòun gé.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí.
Ṣùgbọ́n bó bá rí ọkọ̀ tó ń gba iná létí títì,
á gbé ife rẹ̀ lé e lórí,
á bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á dún,
á máa wo ojú tíì.