Káàdì Ọrùn

Wọ́n gbé káàdì kọ́ mi lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán ní Yábàá:
TANIMOLA, láìsí àmì kankan lórí.
Mo ní, "Àǹtí, ẹ bá mi fàmì sí i."
Ó ní ẹ̀rọ àwọn kò mọ àmì.
Ọ̀la, ọlá, ọlà:
kí kálukú gbé èyí tó wù ú.

Amúlétutù ń da ọyẹ́ lé wa lórí.
Bàtà ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀ jù mí lọ, mo ki bébà sí i lẹ́nu.
Ìdí ògiri tí iná wà lèrò pọ̀ sí,
àwọn ọ̀gá ọ̀la lóṣòó, wọ́n ń fún fóònù lọ́mú.

Lórí pèpéle, ọkùnrin kan ń ka ọ̀la
bí ẹni ń ka iṣu inú abà rẹ̀.
A pàtẹ́wọ́.
N kò mọ ohun tó ń tà títí tó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ó kàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ṣe sórí fóònù,
tó ń sọ ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ yóò yọ fún ará Bàrígà.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Fọlárìn gbé garawa jáde lásán;
lẹ́ẹ̀kẹta, omi yọ,
ó bú mi pé n kò ní kó gbé méjì.

Olówó iwájú tẹjú mọ́ káàdì mi.
"Kí lorúkọ yìí túmọ̀ sí?"
"Ta ló mọ ọ̀la?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
"Ó dáa. Níwòyí ọdún márùn-ún,
èló ni wàá máa pa lóṣù?"

Mo dá a lóhùn.
Mo tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kún un.