Ohun Tí A Ó Dì Lọ sí Mẹ́lítà

Mẹ́dùpìn, sún fìtílà mọ́ ọ̀dọ̀ mi.
Wọ́n ti mú iná lọ, mo sì fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ yìí
sẹ́yìn rẹ́jísítà kíláàsì rẹ tó ti gbó,
níbi tí orúkọ àwọn ọmọ parí sí.

A kò ní í lọ lóṣù Keje.
Oòrùn ibẹ̀ a máa sun òkúta nígbà náà,
owó ilé àlejò a sì di ìlọ́po méjì.
Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni: omi ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́,
àwọn ọlọ́mọ ti dá ọmọ wọn padà sílé ìwé,
iṣu tuntun á sì ti wọ abà.

Owó kajú ọdún tó kọjá, má fọwọ́ kàn án.
Wọ́n fẹ́ rí i ní báńkì fún oṣù mẹ́fà, kó jókòó pẹ̀sẹ̀,
kì í ṣe owó àyálò tó dé lánàá tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Fọ́tò físà: kò sí gèlè, kò sí awò ojú,
kò sí ẹ̀rín. Ìyẹn kò lè ni ọ́ lára.
Èmi ni kí o gbàdúrà fún.

Wọn á bi wá pé ta ló ń retí wa níbẹ̀.
Kábà ti bi mí ṣáájú wọn.
Ìpinmiṣọ́ dá mi dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta:
"Ọmọ yín ló bímọ ni?" Kò sẹ́ni tó bímọ.
"Ṣé ẹ̀ ń lọ rí dókítà?" Rárá.
"Kí wá ni?" Mo ní a fẹ́ lọ jókòó.
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé iyọ̀ lọ ta fún òkun.

Okun la fi ń kí ara wa láti kékeré,
okun o, okun o, lójú ọ̀nà oko.
Ọdún márùndínlógójì lo fi ṣọ́ọ̀kì búlúù ya òkun sára pátákó,
o kò fojú rí ọ̀kan rí.
Bàtà Ítálì; erékùṣù tí bàtà náà fẹ́ gbá;
lẹ́yìn náà, tíńtín kan nísàlẹ̀.
Ọmọ kan dìde, ó fi dọ́sítà nù ún kúrò,
ó ní, "Sà, ṣọ́ọ̀kì yín ló kán síbẹ̀."
Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí ọ tó rẹ́rìn-ín délé.
Ibẹ̀ là ń lọ.

Kílò mẹ́tàlélógún, ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Gààrí kílò méjì péré. Mo ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú báàgì ọwọ́,
torí àpótí lè gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.
Bàtà pẹlẹbẹ: àtẹ̀gùn òkúta ló kún ibẹ̀,
orúnkún rẹ kò sì mọ àwàdà.
Ihò iná wọn rí bíi tiwa, ẹnu mẹ́ta, má ra nǹkan kan.
Bọ́ọ̀sì la ó máa wọ̀.
Ata ilẹ̀ gbígbẹ fún ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù kékeré,
bí inú bá ń rú.

A kò ní í rìn lóru.
Tírélà sìmẹ́ńtì lè dábùú ọ̀nà Ọbàjànà láti àárọ̀ di alẹ́,
ọkọ̀ òfúrufú kì í sì í dúró de ará Kogí.
Ká ti jáde nílé lọ́jọ́ kan ṣáájú, ká sùn ní Gwagwaládà.

Orúkọ rẹ ní o kì í du ìpín.
Èmi ń dù ú: ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tèmi ni ní lílọ.
Ní bíbọ̀, a ó jọ sọ ọ́.

Adìẹ: Ìpinmiṣọ́.
Kọ́kọ́rọ́: Ìpinmiṣọ́, kó lè yé béèrè.
Lílúwẹ̀ẹ́: àwa méjèèjì ò mọ̀ ọ́n.
Fi àyè sílẹ̀ síwájú ìyẹn.
Epo fìtílà ń tán lọ.